Àfòmọ́, Epidendrum àti Vanda: Iṣẹ́ Lámèyítọ́ Lórí Ìsọ̀rí Ewéko Orí Igi

Ìfáàrà

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà àfòmọ́. Láti ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni à-, ì-, àì- àti oní-, pé àfòmọ́ àárín ni -kí- inú ọmọkọ́mọ, àti pé àfòmọ́ kì í dá dúró, àfi kí ó so mọ́ òmíràn kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn. Díẹ̀ nínú wọn ló ń rántí pé ọ̀rọ̀ oko ni kí ó tó di ọ̀rọ̀ gírámà.

Ní àríwá Èkìtì, láti Ìdó títí dé Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, níbi tí igbó ti ń fi àyè sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀dàn, ẹni tó bá wọ oko kòkó tàbí oko obì tó ti gbó, tó gbójú sókè, kò ní pẹ́ rí ewé tí kì í ṣe ti igi náà lórí ẹ̀ka. Àfòmọ́ ni àgbẹ̀ ń pè é. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí olùkọ́ tó ń fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí bá dé orí ọ́kíìdì. Ó nílò ọ̀rọ̀. Àfòmọ́ ló sún mọ́ ọn jù lọ. Ó sì mú un lò. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń yẹ̀ wò ni ohun tó ń sọnù nínú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ìsọ̀rí tí àfòmọ́ dúró fún ní ọgbọ́n nínú, pé àwọn onímọ̀ Yúróòpù àti ti Íńdíà pàápàá ti gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé rí, ṣùgbọ́n pé fífi í túmọ̀ ọ́kíìdì ń kọ́ ọmọ ní ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Àfòmọ́ lórí igi àti nínú èdè

Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, à-, fò àti mọ́ ni yóò jáde: ohun tó fò, tó sì lẹ̀ mọ́ nǹkan. (Olùkọ́ tó ń wá àpẹẹrẹ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kò ní láti rìn jìnnà, ọ̀kan ti wà níwájú orúkọ náà fúnra rẹ̀.) Ìtumọ̀ yìí bá ìṣe ewéko náà mu rẹ́gí. Àwọn ewéko ẹbí Loranthaceae ló ni orúkọ yìí ní pàtàkì, èyí tí ó sì ń da kòkó àti obì láàmú jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Tapinanthus bangwensis. Ẹyẹ ló ń gbé e kiri. Èso rẹ̀ dùn lẹ́nu ẹyẹ, ṣùgbọ́n hóró inú rẹ̀ ní oje tó ń lẹ̀ bí àtè. Bí ẹyẹ bá nu ẹnu mọ́ ẹ̀ka, hóró ti rí ibùgbé nìyẹn. Kò ní pẹ́ hù, yóò sì ki ohun kan tó jọ egbò bọ abẹ́ èèpo títí dé ibi tí omi igi ń gbà. Láti ìgbà náà lọ, omi tí igi fà láti inú ilẹ̀ ti di àjọmu. Àfòmọ́ ní ewé tútù tirẹ̀, ó sì ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ fúnra rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe oúnjẹ igi ló ń jí ní pàtàkì bí kò ṣe omi àti iyọ̀ ilẹ̀. Síbẹ̀, àgbẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀ka tó bá ti di tirẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ láti ibẹ̀ lọ sí ṣóńṣó.

Òwe tó sọ pé àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan, kò jìnnà sí òtítọ́ yìí. Ẹni tó pa á rí i pé kò ní egbò nínú ilẹ̀. Ó tún rí i pé kì í ṣa igi. Ohun tí òwe kò sọ, tó sì jẹ olùkọ́ lógún, ni ohun tó wà lábẹ́ èèpo. Nínú gírámà, bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kì í kàn jókòó síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí à- bá ti so mọ́ lọ, àlọ tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe mọ́. Ó ti wọ inú rẹ̀, ó ti gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó yá ọ̀rọ̀ náà wọ inú gírámà kò ṣi ọ̀rọ̀ yá.

Àwọn oníṣègùn ń pín in ní ọ̀nà tiwọn. Wọn kì í béèrè àfòmọ́ lásán. Àfòmọ́ orí obì, àfòmọ́ orí orógbó, àfòmọ́ orí ìyeyè: igi tó gbà á lálejò ni wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹni tó bá sì mú ọ̀kan wá dípò èkejì kò tíì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Lójú onímọ̀ òdòdó, ewéko kan ṣoṣo lè wà lórí igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó rọrùn láti pe ti oníṣègùn ní àṣìṣe, ṣùgbọ́n ìkánjú ni ìyẹn yóò jẹ́, nítorí ohun tó wà nínú ewé àfòmọ́ a máa yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí igi tó ń mu lára rẹ̀ bá ṣe yàtọ̀. Oníṣègùn ń bi ewéko léèrè pé kí ló wà nínú rẹ̀. Onímọ̀ òdòdó ń bi í pé ta ni ìbátan rẹ̀. Ìbéèrè méjì ni, kò sì yẹ kí ènìyàn retí ìdáhùn kan.

Ọ́kíìdì orí igi kò jọ èyí rárá. Egbò rẹ̀ pọ̀, ó nípọn, ó sì ní awọ funfun kan tó ń fa omi òjò àti ìrì mu bí kànrìnkàn. Ara èèpo nìkan ni egbò náà dì mú. Kò wọ inú. Oúnjẹ rẹ̀ ń wá láti inú oòrùn, omi àti ewé jíjẹrà tó bọ́ sórí ẹ̀ka. Ayálégbé ni, kì í ṣe olè. Òtítọ́ ni pé bí ó bá pọ̀ jù lórí ẹ̀ka tó ti gbó, ìwúwo rẹ̀ lè dá ẹ̀ka náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi àdá ha á kúrò lára obì nítorí pé ó ń mu obì lẹ́jẹ̀ ń ṣe làálàá lásán ni. Olùkọ́ tó pe méjèèjì ní àfòmọ́ ló gbé àdá náà lé e lọ́wọ́.

Ẹnu ọ̀nà kan náà

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé àìmọ̀kan ló mú kí Yorùbá kó gbogbo ohun tó ń gbé orí igi sínú àpò kan, ó yẹ kí ó wo ohun tí Linnaeus ṣe. Ọmọ ilẹ̀ Súwídìnì yìí ni àwọn onímọ̀ kà sí baba ìlànà orúkọ méjì tí wọ́n fi ń pe ewéko títí di òní: orúkọ ìran ṣíwájú, orúkọ ẹ̀yà tẹ̀ lé e, gẹ́lẹ́ bí Yorùbá ṣe ń sọ pé efinrin ńlá àti efinrin wẹ́wẹ́. Nínú ìwé rẹ̀, Species Plantarum, tó jáde ní 1753, ó dá ìran kan sílẹ̀ tó pè ní Epidendrum. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Gíríìkì kò ju orí igi lọ. Inú ìran yìí ló kó ọ̀pọ̀ ọ́kíìdì ilẹ̀ olóoru tó ń gbé orí igi sí, ìbá à ti Amẹ́ríkà wá, ìbá à ti Éṣíà wá. Fàní́là wà níbẹ̀. Epidendrum vanilla ló pè é. Òdòdó funfun láti erékùṣù Éṣíà tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí sí Phalaenopsis amabilis wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Epidendrum amabile ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ibùgbé ni Linnaeus wò, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ Ìkọ̀lé ti ń wò ó.

Ti Íńdíà tún sún mọ́ ti Yorùbá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìran Vanda jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ́kíìdì Éṣíà tó gbajúmọ̀ jù lọ, inú èdè Sáńskíríìtì sì ni orúkọ rẹ̀ ti wá. William Jones, adájọ́ ní Calcutta tó kú ní 1794, ló lo orúkọ náà nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1795, Robert Brown sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1820. Ìtumọ̀ vandā nínú Sáńskíríìtì ni ewéko tó ń gbé ara ewéko mìíràn, àti èyí tó ń mu igi àti èyí tí kì í mu ún. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá kò ní rí ọ̀rọ̀ tó bá a dọ́gba ju àfòmọ́ lọ. Èdè méjì tí wọn kò mọ ara wọn rí wo igi, wọ́n sì sọ ohun kan náà.

Ohun tó mú àwọn onímọ̀ jáde kúrò nínú ìsọ̀rí orí igi ni òdòdó. Olof Swartz, ọmọ ilẹ̀ Súwídìnì mìíràn, ya Dendrobium sọ́tọ̀ ní 1799. Carl Ludwig Blume, tó ṣiṣẹ́ ní Jáfà, ya Phalaenopsis àti ọ̀pọ̀ ìran mìíràn sọ́tọ̀ ní 1825. John Lindley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo ọdún 1830 sí 1840 láti to gbogbo ẹbí náà lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n rí i pé nínú òdòdó ọ́kíìdì, ohun tó jẹ́ akọ àti ohun tó jẹ́ abo ti pa pọ̀ di ọ̀pó kan ṣoṣo, àti pé ọ̀kan nínú ewé òdòdó mẹ́ta inú yàtọ̀ sí méjì yòókù, ó yọ jáde bí ètè. Ohun tó bá ní àmì wọ̀nyí, ọ́kíìdì ni, ì báà wà lórí igi, lórí àpáta tàbí nínú ilẹ̀. Kódà orúkọ ẹbí náà kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú igi: láti ara egbò oníṣù méjì ti àwọn ọ́kíìdì inú ilẹ̀ Yúróòpù, tó rí bí kórópọ̀n, ni àwọn Gíríìkì ti fà á yọ.

Ibí yìí gan-an ni àfòmọ́ ti já olùkọ́ kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nínú ọ̀dàn Nàìjíríà, àwọn ìran bí Eulophia, Habenaria àti Nervilia ń hù láti inú ilẹ̀. Eulophia cucullata a máa yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò láàárín koríko nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀. Kò fò, kò sì mọ́ ohunkóhun. Koríko ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò pè é. Nítorí náà, ìtumọ̀ tó fi àfòmọ́ dípò ọ́kíìdì ń kó ohun tí kì í ṣe ọ́kíìdì wọlé, ó sì ń ti ohun tó jẹ́ ọ́kíìdì síta.

Èyí tí Éṣíà ní àti èyí tí Áfíríkà ní

Òǹkà tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2015 fi ẹbí ọ́kíìdì sí ìran 736, ẹ̀yà inú wọn sì tó nǹkan bí 28,000. Bí wọ́n ṣe tàn káàkiri kò dọ́gba. Dendrobium, tó ní ẹ̀yà tó lé ní 1,000, gba ilẹ̀ láti Íńdíà títí dé Ọsirélíà àti àwọn erékùṣù Pàsífíìkì, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Áfíríkà. Bẹ́ẹ̀ ni Vanda, Phalaenopsis, Cymbidium àti Coelogyne. Bulbophyllum wà ní ìhà méjèèjì. Ẹ̀yà rẹ̀ tó nǹkan bí 2,000, púpọ̀ jù lọ sì wà ní Éṣíà, pàápàá ní Niu Gíní. Eulophia náà wà ní ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n Áfíríkà ni agboolé rẹ̀, ìwọ̀nba ló ré kọjá sí Éṣíà. Polystachya rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ansellia, Cyrtorchis, Tridactyle àti Calyptrochilum kò kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà àti àyíká rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ronú yóò béèrè ìdí rẹ̀, nítorí hóró ọ́kíìdì kéré bí ekuru, afẹ́fẹ́ sì lè gbé e rìn jìnnà. Ìdáhùn wà nínú hóró náà. Kò ní oúnjẹ tí ó fi pamọ́ sínú bí ẹ̀wà tàbí àgbàdo. Noël Bernard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàwárí ní 1899 pé hóró ọ́kíìdì ní láti bá ẹ̀dá kan tó jẹ́ ìbátan olú pàdé kí ó tó lè hù. Ẹ̀dá náà ló ń bọ́ ọ ní kékeré. Afẹ́fẹ́ lè gbé e dé ibi tí kò ti ní rí alágbàtọ́. (Ẹni tó bá fẹ́ pe ọ́kíìdì ní ajẹlójú-onílé lè bẹ̀rẹ̀ láti ibí, ṣùgbọ́n ara olú ló ti jẹ, kì í ṣe ara igi.) Ọ̀gbẹlẹ̀ ayé àtijọ́ náà kó ipa tirẹ̀. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí yìnyín bo apá àríwá ayé, igbó Áfíríkà sún kì, ọ̀dàn sì gbà lára ilẹ̀ rẹ̀, nígbà tí àwọn òkè àti erékùṣù olójò ní Éṣíà ṣì ní ibi tí ewéko lè sá sí.

Ohun tí ìtànkálẹ̀ yìí ń ṣe sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà kò hàn síta lójú ẹsẹ̀. Ọ́kíìdì inú kàlẹ́ńdà, ọ́kíìdì oníke orí tábìlì ọ́fíìsì, ọ́kíìdì ibi ìgbéyàwó: Phalaenopsis tàbí Dendrobium ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, ọmọ Éṣíà ni méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Ọ̀yẹ́ wá lè gbà pé òdòdó òkèèrè ni ọ́kíìdì, kí ó sì kọjá lábẹ́ Ansellia africana lórí ọ̀pẹ láìmọ̀ pé ẹbí kan náà ni. Egbò Ansellia ń nàró sókè bí ìtẹ́ ẹyẹ láti fi gba ewé gbígbẹ. Òdòdó rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú pẹ̀lú àmì dúdúdúdú bí ara ẹkùn. Àjọ tó ń ṣọ́ ẹ̀dá tó lè run láyé ti kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu.

Ìtàn orúkọ rẹ̀ yẹ kí ó wà lẹ́nu gbogbo olùkọ́ Yorùbá. John Ansell, tó bá ìrìnàjò Odò Ọya ti 1841 lọ, ló rí i ní erékùṣù Fernando Po, Lindley sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ewéko náà ní 1844. Nínú ìrìnàjò yẹn kan náà ni Samuel Ajayi Crowther wà, ẹni tí àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Ìrìnàjò kan bí orúkọ Látìn àti ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá, àwọn méjèèjì kò sì pàdé. Angraecum ní ìtàn tó yàtọ̀ díẹ̀: Áfíríkà, Madagásíkà àti àwọn erékùṣù àyíká wọn ni púpọ̀ nínú wọn wà, ọ̀kan nínú wọn, Angraecum distichum, sì ń hù ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n inú èdè Màlée ti Éṣíà ni Bory de Saint-Vincent ti fa orúkọ náà yọ ní 1804. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Màlée di orúkọ ewéko Áfíríkà nítorí pé ẹnìkan ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn olùkójọ orúkọ

Ìwé tí olùkọ́ lè yẹ̀ wò kò ṣọ̀wọ́n. Dalziel (1937) kó orúkọ àti ìlò ewéko Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ. Abraham (1958) fi orúkọ Látìn ti ewéko púpọ̀ sínú ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀. Gbile (1984), láti ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn, to orúkọ Yorùbá àti ti Látìn síwájú ara wọn. Àǹfààní iṣẹ́ wọ̀nyí kò ṣeé kóyán rẹ̀ kéré. Àléébù tí irú àtòjọ bẹ́ẹ̀ ní ni pé ó ń mú kí òǹkàwé rò pé orúkọ Yorùbá kan dọ́gba pẹ̀lú orúkọ Látìn kan. Àfòmọ́ kò bá èyí lọ. Orúkọ ìṣe ni, kì í ṣe orúkọ ẹbí, ẹni tó bá sì fi àmì ìdọ́gba sáàárín rẹ̀ àti Tapinanthus ti gé e kúrú bí ẹni tó fi í sáàárín rẹ̀ àti ọ́kíìdì ṣe nà án jù.

Verger (1995) ló sún mọ́ ọkàn ọ̀rọ̀ náà jù. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ewé, ó fi hàn pé ọ̀rọ̀-ìṣe inú orúkọ ewé ni ọfọ̀ fi ń pe agbára rẹ̀ jáde. Ìlànà yìí tan ìmọ́lẹ̀ sí àfòmọ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ: fò àti mọ́ ni ìmọ̀ tó wà nínú orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kó jọ láti ẹnu oníṣègùn kò lè fún ewéko tí oníṣègùn kò lò ní àyè. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, Summerhayes (1968) àti Segerbäck (1983) ṣe àlàyé ọ́kíìdì ilẹ̀ yìí pẹ̀lú òye, ti Segerbäck sì jẹ́ ìwé odindi lórí ọ́kíìdì Nàìjíríà, ṣùgbọ́n òdòdó ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ohun tí ará oko ń pè é. Ìlà méjèèjì ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ nílò

Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 lábẹ́ Babs Fafunwa ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì. Ètò ìjọba kò dúró lójú kan láti ìgbà náà: ní 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní 2025 ni wọ́n sì wọ́gi lé e. Olùkọ́ Yorùbá kò lè fi ìyẹn ṣe àwáwí, nítorí ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu ọmọ kí ó tó dé kíláàsì, yálà ìwé òfin fọwọ́ sí i tàbí kò fọwọ́ sí i.

Ó dára kí àfòmọ́ wà fún ohun tó ń mu igi, bí òwe àti gírámà ṣe ń lò ó. Fún ohun tó kàn ń gbé orí igi, ìbá à jẹ́ ọ́kíìdì, ìbá à jẹ́ irú ewéko mìíràn tó fi ẹ̀yìn ọ̀pẹ ṣe ilé, agbórígi yóò ṣiṣẹ́. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ló dá a sílẹ̀, kò sì sí ẹ̀sùn olè nínú rẹ̀. Ọ́kíìdì ni kí ó jẹ́ orúkọ ẹbí, pẹ̀lú àmì ohùn Yorùbá lórí rẹ̀, kí ti orí igi àti ti inú koríko lè jọ wà níbẹ̀. Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ àyálò ti pọ̀ jù. Kò burú, àwọn tó sọ Vanda àti Angraecum di Látìn náà yá ọ̀rọ̀.

Ohun tó ṣì kù ni iṣẹ́ oko. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ sí Ìtàpájì, Ìrè tàbí Usi ní àsìkò ìsinmi lè bi àgbà àgbẹ̀ ohun tí wọ́n ń pe ewéko orí igi kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka-èdè Èkìtì, kí ó kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pè é láìsọ ọ́ di Yorùbá àjùmọ̀lò. Kí ó kọ irú igi tó wà lórí rẹ̀, bóyá egbò rẹ̀ dúró lára èèpo tàbí ó wọ inú, àti oṣù tí òdòdó rẹ̀ yọ. Bí wọ́n bá sọ fún un pé kò ní orúkọ, kí ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.